Ẹgbẹ̀rún Yàrá

Àwọn mẹ́ta ló jọ háyà yàrá kan ní Òkè-Ogbò, nílùú Ifẹ̀: Fàrídà, Roqeeb àti Dúrósinmí. Iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù, ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n jọ kọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ló ní kí wọ́n bá òun wádìí, nínú irinṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù, èwo ló yá jù. Wọ́n wá fẹnu kò pé ààpù kan náà ni kálukú yóò fi irinṣẹ́ tirẹ̀ kọ: ààpù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wá yàrá háyà. Ẹgbẹ̀rún yàrá ni yóò wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ dín ẹyọ kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá borí ni yóò ṣe olórí iṣẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí fóònù kan náà. Ti Roqeeb gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, ti Fàrídà gba mẹ́ta. Ti Dúrósinmí? Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti ṣí.

"Ṣé mi ò sọ fún yín!" Dúrósinmí fò sókè.

Ara fu Fàrídà. Ó fa kọ̀ǹpútà Dúrósinmí mọ́ra, ó tú kóòdù tó fi kọ ààpù rẹ̀ wò. Ogún yàrá péré ló wà níbẹ̀.

"Dúrósinmí, o rẹ́ wa jẹ."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Dúrósinmí fi fọ́ ọ létí. Ojú Fàrídà ṣú. Nígbà tí yóò fi ríran padà, Roqeeb ti fún Dúrósinmí lọ́rùn mọ́ ògiri. Wọ́n wó lu tábìlì, kọ̀ǹpútà méjì já lulẹ̀, dígí ojú kọ̀ǹpútà náà fọ́ yángá. Dúrósinmí nawọ́ gán ẹsẹ̀ fáànù onírin, ó là á mọ́ Roqeeb lórí. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri. Roqeeb ṣubú, kò mira. Dúrósinmí tún gbé irin náà sókè.

Fàrídà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọṣọ ló sún mọ́ ọn, ó fi lu ọrùn ọwọ́ Dúrósinmí. Egungun ró kà! bí igi gbígbẹ. Irin bọ́. Ó tún lù ú. Ó ṣì ń lù ú nígbà tí ìyẹn ń ké pé, "Fàrídà, jọ̀ọ́!"

Bàbá Oyèkúnlé, onílé wọn, ló sáré wọlé tó dì í mú. "Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa á ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Fàrídà wí. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ba òun fúnra rẹ̀.

Dókítà rán orí Roqeeb. Ó ní orí ló kó o yọ. Wọ́n di ọwọ́ Dúrósinmí, ó sì gba ilé ìyá rẹ̀ lọ ní Ẹdúnàbọ̀n.

Lọ́sẹ̀ kejì, Roqeeb ṣì wà ní ọsibítù, Fàrídà nìkan ló jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó kó ẹgbẹ̀rún yàrá sínú ààpù Dúrósinmí, ó ṣí i. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀márùn-ún, kò yí padà.

Ó wọ takisí lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Bí Dúrósinmí ṣe rí i, ó fẹ̀yìn rìn dé ògiri, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra.

"Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú tìẹ," ni Fàrídà wí. "Tìẹ ló ṣì borí. Kò sídìí fún ọ láti rẹ́ wa jẹ rárá."

"Irọ́ ni."

"Mi ò parọ́."

Dúrósinmí rọra jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún, ó sì bú sẹ́kún. Fàrídà fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó jókòó tì í títí ẹkún náà fi dá. Lẹ́yìn náà ló kí ìyá Dúrósinmí pé ó dàbọ̀, ó sì wá mọ́tò padà sí Ifẹ̀.