Àwọn Mẹ́tàlá Tó Gba Iwájú Bíríkìlà

"Kò gbà," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó tún tẹ bọ́tìnnì náà. Kọ̀ǹpútà tún kọ̀ fún un: wọ́n ti ti àpótí orúkọ bíríkìlà pa nínú ìwé ètò iṣẹ́ abẹ, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe é yí padà.

Akọ̀wé ilé ìwòsàn náà kò gbójú sókè. Oṣù mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìn tì.

"Àárọ̀ yìí ni ọ̀gá àgbà ní kí n tì í," ó ní. "Orúkọ, àìsàn, ipò, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, gbogbo rẹ̀ pátá. Òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tó ń ṣí i."

"Bàbá bíríkìlà wà ní ipò kẹrin lánàá. Kí ló gbé e dé ipò kẹtàdínlógún?"

"Àbúrò, ìwọ náà kúkú mọ̀."

Ó mọ̀. Àwọn mẹ́tàlá tó fò kọjá bàbá náà kò fi ọwọ́ òfìfo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ọ̀kan nínú wọn, kókó kékeré ẹ̀yìn ọrùn ló ní. Kókó náà kì í dùn ún; kì í kàn jẹ́ kí kọ́là rẹ̀ jókòó dáadáa ni. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá bíríkìlà jà ní tirẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ti dúdú. Dókítà ti kọ "kíákíá" sí fáìlì rẹ̀, ó fàlà sí i nídìí. Bí wọ́n bá tètè gé ìka yẹn, ẹsẹ̀ kù. Bí wọn kò bá gé e, ìdúdú náà yóò máa gòkè.

Nọ́ọ̀sì gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ. Ẹ-Padà-Wá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀gá náà lẹ́yìn, nítorí ohun tó máa ń sọ fún aláìsàn tí kò lẹ́nìkan nìyẹn.

"Mo ti ìwé náà kí màgòmágó má baà wọ̀ ọ́," ni ọ̀gá wí.

"Màgòmágó ti wọ̀ ọ́ kí ẹ tó tì í, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ mú. Bí ọ̀rọ̀ bá wà níkùn rẹ, lọ kọ àkíyèsí sí ara ìwé náà. Ìgbìmọ̀ alábòójútó ní kí n fàyè rẹ̀ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, mo sì fi í sílẹ̀. Láti ọdún tó kọjá, ta ló kọ ẹyọ kan?"

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ rí. Orúkọ ẹni tó bá kọ ọ́ máa ń hàn lókè rẹ̀ gàdàgbà, oníkálukú sì ní ọmọ nílé ìwé.

Ó padà sọ́dọ̀ akọ̀wé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi hàn mí."

Akọ̀wé nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. "Nígbà tí mo ń tì í, kọ̀ǹpútà bi mí ohun tí mo fẹ́ gbà kí àwọn èèyàn ṣì máa ṣe. Àkíyèsí nìkan ni mo fàmì sí. O ò lè fọwọ́ kan ohun tó wà nínú àpótí, àmọ́ o lè lẹ ọ̀rọ̀ tìrẹ mọ́ ọn lára. Wọ́n á rí orúkọ rẹ o."

"Kí wọ́n rí i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ara rẹ kọ́, ara bíríkìlà ni."

"Mo mọ̀. Òun ò mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ ni."

Ó kọ ọ́: *Ipò kẹrin ni ọkùnrin yìí wà lánàá. Dókítà kọ "kíákíá". Ta ló gbé e sẹ́yìn?* Àmì pupa kan yọ ní igun àpótí náà, bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn lára ògiri. Nọ́ọ̀sì wá bọ́ sórí àwọn mẹ́tàlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí oníkókó, ó kọ ọ́ pé: *Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí ló dé. Kò sí ohun tó ń dùn ún. Kí ló ń kán an lójú?*

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kọ tirẹ̀. Dókítà tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun kọ méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìwé náà ti pọ́n yòò. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni akọ̀wé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó sì kọ ọ́ sókè pátápátá: *Èmi ni mo yí àwọn ipò yìí padà. Ọ̀gá àgbà ló rán mi.*

Ọ̀gá àgbà já wọlé. "Pa wọ́n rẹ́! Kíá!"

"Ọwọ́ tiyín náà ò ṣá rọ, sà," ni akọ̀wé wí. "Ẹ pa wọ́n rẹ́ fúnra yín. Ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìgbìmọ̀ tó jókòó. Wọ́n ní kí ọ̀gá àgbà lọ sinmi nílé títí ìwádìí yóò fi parí. Wọ́n ní kí wọ́n gbé bíríkìlà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Wọ́n gbé e wọlé. Ìdúdú náà ti kọjá kókósẹ̀.

Kí bàbá náà tó lajú, adelé ọ̀gá ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. "Sọ fún un pé àìsàn náà ló burú," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ fún nọ́ọ̀sì. "Ó tán. Má tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì," ni bàbá náà pè. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ṣé wọ́n ti gé ìka náà?"

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n gé, Bàbá. Láti ìsàlẹ̀ orúnkún."

Bàbá na ọwọ́ tó ti gbé búlọ́ọ̀kù fún ogójì ọdún, ó tẹ aṣọ ìbora níbi tó ti rọ̀ wálẹ̀.

"Àìsàn yìí mà yára o."

"Kò yára, Bàbá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dúró dè wá. Wọ́n ta ipò yín ni."

Adelé ọ̀gá wúkọ́. Nọ́ọ̀sì kò wẹ̀yìn. Ó fa àga, ó jókòó ti bàbá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn mẹ́tàlá náà sí i létí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ̀ wọ́n.