Ẹ Fi Ariwo Bẹ̀ Mí

Ìyá aránṣọ kan lọ wo ọmọ rẹ̀ tó bímọ sókè òkun. Níbùdókọ̀ ojú irin, ó ki káàdì báǹkì rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ láti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pariwo lójú gbogbo èrò pé, "Ta ló ni káàdì yìí gan-an?"

Inú bí ìyá, ó pe báǹkì rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti káàdì náà pa torí kò sọ fún àwọn pé òun ń rìnrìn àjò.

"Èmi tí mo kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù lójú yín!"

Wọ́n rí fọ́ọ̀mù náà, wọ́n ṣí káàdì, tíkẹ́ẹ̀tì sì jáde. Ṣùgbọ́n ìyá ò kúrò níwájú ọkùnrin náà.

"Ẹ fi ariwo pè mí lólè, ẹ fi ariwo bẹ̀ mí."

Ọkùnrin náà kùn pé, "Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò gbọ́!"

Ìgbà tí gbogbo èrò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin náà ni ìyá tó lọ wọkọ̀.