Ẹ̀jẹ̀ Ara Aṣọ Funfun

Ọjọ́ tí wọ́n ba orúkọ Àbúrò jẹ́, kò tíì rí nǹkan oṣù rí láyé rẹ̀.

Ilé ìránṣọ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Aṣọ funfun nìkan ni wọ́n ń rán níbẹ̀, ti àwọn nọ́ọ̀sì àti ti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Nítorí pé funfun ni, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn ṣe òfin kan: ọmọbìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù gbọ́dọ̀ wá wí fún òun láàárọ̀, yóò kúrò nídìí ẹ̀rọ, yóò sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ rán etí aṣọ. Bí ẹnì kan bá ti dìde lọ síbẹ̀, gbogbo ilé ti mọ̀ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tó ń ru ìdì aṣọ mọ̀. Ọkùnrin tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ a sì máa kí wọn pé, “Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ìyàwó bẹ́ǹṣì!”

Ẹ̀gbọ́n kì í lọ síbẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ iwájú ló wà, lójú ọ̀gá gan-an, ó sì ti pinnu pé ẹ̀jẹ̀ kò ní lé òun kúrò níbẹ̀. Àkísà ló fi ń dí ara rẹ̀, á wá wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú lé e. Lọ́jọ́ kan, àkísà náà kò lè fa gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà mọ́. Wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ iwájú. Ẹni méjì péré ló ń dé ibẹ̀: Ẹ̀gbọ́n tó ń rán aṣọ, àti Àbúrò tó ń gé òwú rẹ̀ nù.

Ọ̀gá gbé aṣọ náà sókè. “Ta ló ni èyí?”

Ẹ̀gbọ́n kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Àbúrò mi ni, mà. Ojú ló ń tì í.”

Àbúrò wo àwọn ọkùnrin tó ń ru ìdì aṣọ. Kí ni kó sọ? Kó wí níwájú àwọn ọkùnrin pé òun kò tíì bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní kó na aṣọ náà lọ́wọ́, kó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí iṣẹ́ fi parí. Gbogbo ẹni tó ń wọlé, gbogbo ẹni tó ń jáde, ó rí i. Ọkùnrin alọṣọ ló sọ ọ́ ní Alábàwọ́n. Orúkọ náà bá a dé àdúgbò, ó bá a dé ilé ọkọ. Nígbà tí nǹkan oṣù tirẹ̀ wá dé ní tòótọ́, kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ó fa yẹ̀rì rẹ̀ ya, ó ń fi í ṣe àkísà, ó ń sá wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí oòrùn kì í dé. Àwọn àkísà náà ń rùn, itan rẹ̀ sì bó.

Ẹ̀gbọ́n kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Àbúrò kò sì gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi í léèrè, nígbà tí wọ́n ń ti ibi ìsìnkú ìyá wọn bọ̀. Ẹ̀gbọ́n pòṣé. “Ọ̀rọ̀ àtijọ́ wo nìyẹn? Kí ló dé tí inú rẹ ò mọ́ báyìí?” Láti ọjọ́ náà ni Àbúrò ti pinnu pé òun kò ní kú kí òun tó gbọ́ òtítọ́ náà lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n, kì í sì í ṣe ní kọ̀rọ̀. Níwájú èèyàn ló ti bà á jẹ́. Níwájú èèyàn ni yóò ti tún un ṣe.

Àwọn méjèèjì ti dàgbà, nǹkan oṣù ti dá lára wọn tipẹ́, kí Ẹ̀gbọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Inú yàrá ló bá a, ó ti fèrèsé pa lọ́sàn-án gangan.

“Ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi.”

“Ẹ̀yin kẹ̀? Lọ́jọ́ orí yìí?”

“Rọra sọ̀rọ̀! Ṣé kí ìyàwó ọmọ mi gbọ́ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù.”

“Kí dókítà tí mo lè bí wá máa wo abẹ́ mi? Láéláé. Aṣọ ni kó o bá mi fọ̀. Apá mi ò ká a mọ́.”

Àbúrò wò ó. Ó ti rù kan egungun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun. Àánú ṣe Àbúrò. Inú rẹ̀ tún dùn díẹ̀, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé ó dùn.

“Màá fọ̀ ọ́,” ó ní. “Àmọ́ ẹ sọ tọjọ́ náà.”

“Ọjọ́ wo?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí ògiri.

Àbúrò fọ̀ ọ́ náà. Àràárọ̀ ló ń wá, á gbé báàfù lọ sẹ́yìn ilé, á rẹ aṣọ sínú omi tútù, á da iyọ̀ sí i, á wá fi ọṣẹ bó o. Omi náà a pọ́n, ìgbà míì á dúdú, á ní ìdì nínú bí ẹ̀dọ̀. Ó ń dà á sí gọ́tà kí ìyàwó ọmọ Ẹ̀gbọ́n tó dé láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun.

Lọ́jọ́ kan, omi tán ní ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó bá sáré wálé wá pọn. Ó bá Àbúrò níbi tó ti ki ọwọ́ bọ omi pupa.

“Yéè! Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?”

Àbúrò kò dáhùn. Ẹ̀yìn ilé ni fèrèsé Ẹ̀gbọ́n kọjú sí, ó mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ń gbọ́. Ó gbójú sókè wo fèrèsé náà, ó ń dúró kí ó dáhùn.

“Ti àbúrò mi ni,” Ẹ̀gbọ́n dáhùn látinú yàrá. “Ojú ló ń tì í. Má bi í léèrè mọ́.”

Ọwọ́ Àbúrò dúró sínú omi. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé e, ẹ̀rín burúkú.

Ṣùgbọ́n ìyàwó yìí kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ “má bi í.” “Àǹtí, ẹ dìde! Ẹ̀jẹ̀ lára àgbàlagbà, àìsàn ni. Ìyá tó bí mi fi tirẹ̀ pamọ́ títí ó fi kú. Ẹ ò ní fi tiyín pamọ́ lójú mi.” Ó kígbe pe ọkọ rẹ̀, awakọ̀ takisí tó ń sùn ní pálọ̀. “Bàbá àwọn ọmọ! Wá gbé Àǹtí lọ sí ọsibítù!”

Gbólóhùn kan péré, “kì í ṣe èmi,” ì bá ti parí rẹ̀. Àbúrò nu ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ẹ̀gbọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń lọ o. Wọ́n fẹ́ lọ tọ́jú mi.”

“Ṣé o ò lẹ́nu ni?” Ẹ̀gbọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Sọ fún wọn pé ó ti dá.”

“Ẹ̀jẹ̀ mi kọ́. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó ti dá?”

“Olóríkunkun! Wàá pa mí.”

“Ẹnu yín ló lè gbà yín, kì í ṣe tèmi.”

Ariwo ìyàwó ti kó èèyàn jọ síta. Oníbàárà kan láti ṣọ́ọ̀bù ìyàwó, tí wọ́n di ìlàjì orí rẹ̀, wà níbẹ̀, àti àwọn káfíńtà tó ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Ṣé ìyá yìí ṣì ń ṣe ọmọge ni?” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó jókòó, kò tẹríba.

“Àǹtí, ẹ má bẹ̀rù,” awakọ̀ ní, ó ṣáná sí ọkọ̀. Àbúrò mọ̀ pé dókítà kò ní rí nǹkan kan lára òun. Ó mọ̀ pé bí Ẹ̀gbọ́n bá kú sínú yàrá yẹn, ọwọ́ òun náà ò ní mọ́. Síbẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa.

Ẹ̀gbọ́n ló jáde. Ògiri ló ń dì mú, kò wọ bàtà, ìró rẹ̀ ti rin, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sórí sìmẹ́ńtì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn káfíńtà yà fún un.

“Kì í ṣe òun,” ó ní. “Èmi ni.”

“Màmá!” Ọmọ rẹ̀ sáré lọ dì í mú. Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àbúrò ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n gbára lé ilẹ̀kùn náà, ó ń mí gúlegúle. “O ò ní dìde àfi kí n sọ ọ́ tán, àbí?”

“N ò ní dìde.”

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àwọn tó dúró.

“Ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè é ní Alábàwọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí nílé ìránṣọ, tèmi ni. Mo mọ̀ pé tèmi ni. Ọmọ yìí ò tíì rí nǹkan oṣù rí nígbà yẹn, èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fà á lé wọn lọ́wọ́.”