Ìdí Amù

"Màmá, kí lẹ ń fọ̀?"

Ìyá Ràmọ́nì, ìyá ọkọ Sàrátù, kò gbójú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fi kànìnkànìn àti iyanrìn ha inú ìkòkò kan tí ọrùn rẹ̀ ti fọ́.

"Ìkòkò abẹ́ fèrèsé ni. Mo da erùpẹ̀ inú rẹ̀ nù. Nǹkan aláwọ̀ ewé ti dì mọ́ ọn bí amù ọ̀lẹ. Àwọn ará Kíṣí ń bọ̀ lọ́la fún fídáù, Sàrátù. Ṣé kí wọ́n ní a ò mọ ilé tọ́jú ni?"

Sàrátù dúró, garawa omi lórí. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó dúró dè é títí, kò dùn ún.

Mọ́ládé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló gbin nǹkan sínú ìkòkò yẹn. Ilé-ìwé kó wọn lọ sí òkè Adó-Àwáyè, ó sì já ewé kan bọ̀ láti inú pàlàpálá àpáta, irú èyí tó máa ń hù lára ọ̀pẹ, tí kì í yọ òdòdó, tí kì í so. Tíṣà ní lẹ́búlẹ́bú ẹ̀yìn ewé náà ni irúgbìn rẹ̀. Mọ́ládé da omi gbígbóná sí erùpẹ̀ kí koríko má baà hù níbẹ̀. Nígbà tó tutù, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú náà sí i, ó fi gíláàsì bò ó.

"Màámi, ẹ má jẹ́ kó gbẹ o. Nǹkan tó máa kọ́kọ́ yọ ò ní jọ ewé. Ẹ má rò pé ìdọ̀tí ni."

Kò tíì yọ tí ibà fi gbé e lọ. Àwọn èèyàn wá, wọ́n sọ̀rọ̀ dídùn, Sàrátù ń ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ wọn kò bu omi kankan sínú ìkòkò. Òun ló ń bù ú. Kò rò pé yóò hù. Ó kàn ń bù ú ni. Nígbà tó wá yọ, kò sọ fún ẹnì kankan. Láti ọjọ́ ikú yẹn, kò sẹ́ni tó tún pe òun náà ní Ìyá Mọ́ládé, Sàrátù ni gbogbo wọn ń pè é.

"Ti Mọ́ládé ni, Màmá."

"Kí ni ti Mọ́ládé?"

"Nǹkan tí ẹ dà nù."

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta èlùbọ́. Ọwọ́ ìyá àgbà dúró.

"Ó yẹ kí o ti sọ fún mi."

"Ó yẹ kí n sọ. Níbo lẹ dà á sí?"

"Ìdí amù."

Wọ́n jọ lọ wò ó. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, omi amù ń kán sí i tọ̀sán-tòru. Erùpẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó dúdú, kò sí ohun tó jọ ewé lára rẹ̀. Ìyá àgbà ti gbé ìgbálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sàrátù mú un kúrò.

"Ẹ má gbá ibí. Lọ́la náà, kí ẹnikẹ́ni má gbá a."

"Wọ́n á ní ọ̀bùn ni wá."

"Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá àgbà bá a sọ garawa tó ti gbàgbé lórí kalẹ̀.

"Tí ò bá wá hù ńkọ́, Ìyá Mọ́ládé?"

Sàrátù bu ife omi kan, ó rọra dà á sí ìdí amù.

"Ibẹ̀ á ṣáà tutù."