Ọ̀pá Orí Àpáta

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbé àpótí yín wá síbí, kí n má baà fi ọ̀fun arúgbó pariwo. Orin wà níbẹ̀, ẹ óò bá mi gbè é.

Lẹ́yìn ilé ọkọ Suliat ní Arandun, àpáta kan tẹ́ rẹrẹ. Ibẹ̀ ni àwọn ìyàwó ilé ń sá gbodo sí nígbà ọyẹ́, iṣu bíbọ̀ tí wọn óò lọ̀ di èlùbọ́. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń lé ewúrẹ́. Ẹni tó bá mú un ló ń ṣọ́ gbodo gbogbo ilé, kò sì gbọdọ̀ dìde àfi tó bá fi lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹran jẹ ẹ́, kò ní sá nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ títí ọyẹ́ yóò fi lọ.

Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ jẹ gbodo Suliat ku bíńtín. Inú Suliat ru bí ọṣẹ. Ó ní òun ti gbé ọ̀pá fún Janet, ìyàwó àbúrò ọkọ òun. Janet ní odò lòun wà, kò sẹ́ni tó fún òun lọ́pàá. Suliat pè é ní ọ̀lẹ, ó pè é ní òpùrọ́. Ó ní ìyá tó bí i náà kò mọ ẹran í lé. Ó wá fi orin lé e:

Ọ̀pá dà o, ọ̀pá dà?
Ẹni tọ́pàá wà lọ́wọ́ ẹ̀,
Òun ló fi gbodo bọ́ran.

Gbogbo wọn gbè é. Asisat, àgbà ìyàwó ilé, ní kí Janet kó tirẹ̀ kúrò. Gbodo tútù, inú ilé ni yóò rà sí. Janet ń ṣà á sínú agbọ̀n, omijé ń bọ́ lé e.

Ariwo ti mú ọ̀fun Suliat gbẹ, ó wọlé lọ mu omi. Bó ti ti ilẹ̀kùn, nǹkan ró gbàgà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pá ni.

Ó wá rántí. Uwais ọmọ rẹ̀ ló pè é láti Èkó láàárọ̀. Fóònù kì í gbọ́ dáadáa lórí àpáta, ló bá sáré wọlé, fóònù lọ́tùn-ún, ọ̀pá lósì.

Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò. Igi gbígbẹ ni ọ̀pá. Ó nà án síná, ta ni yóò mọ̀? Àfi bí ìbínú tó ń bá Janet jà ṣe yíjú padà sí òun fúnra rẹ̀. Ẹnu yìí kan náà ló bú ìyá ọlọ́mọ. Ó fa ọ̀pá yọ, ó gbé e jáde.

Ó ní, "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi ló wà. Èmi ni kí ẹ lé."

Janet ò gbójú sókè. "Ìyálé mi, ẹ bú ìyá mi tó ti kú."

"Mo bú u. Ẹnu mi ò dáa."

Suliat kúnlẹ̀, ìyálé fún ìyàwó. Janet jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ mọ bí àpáta ṣe ń gbóná kó tó ní kó dìde.

Janet tún gbodo rẹ̀ sá. Suliat kó ìyókù tirẹ̀ wọlé, kò jiyàn. Ewúrẹ́ tó jẹ gbodo ọ̀hún, ẹ má rẹ́rìn-ín, ti Suliat ni. Ó ní kí wọ́n pa á. Ó gúnyán tì í, ó pe gbogbo ilé.

Janet na àwo rẹ̀. Ó ní, "Inú ṣì ń bí mi o. Ẹ fi ẹran kún tèmi."

Suliat fi kún un, ó tún fi kún un. Nígbà tí kálukú fi máa wọlé, ikùn ti yó, Janet ló ń dá orin ọ̀pá, Suliat ló ń gbè é.