Fóònù Tó Ń Ṣú

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Màmá Télọ̀, ẹ má wulẹ̀ bú ìránṣọ rẹ̀. Ẹ kàn bi í léèrè bí fóònù rẹ̀ ṣe ń ṣe. Kíá ni yóò jù ú sórí tábìlì ìgéṣọ, tí yóò ní kí ẹ wá wo ìyà tó ń jẹ òun. "Ó ń ṣú! Ṣé fóònù lèyí àbí èéfín?" Lóòótọ́, fóònù náà ti dàgbà. Ó ti já bọ́ sẹ́yìn maṣíìnì láìmọye ìgbà, igun rẹ̀ kan sì ti sán. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bá a jiyàn.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín láti ìgbà tí wàhálà kọ́là ọrùn aṣọ ti ṣẹlẹ̀. Métíróònù ilé ìwòsàn tó wà lópin títì ló ń gbé iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì fún Màmá Télọ̀, iṣẹ́ yìí ló sì gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró. Láyé àtijọ́, métíróònù á mú aṣọ wá, wọ́n á jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní báyìí, àwòrán ló ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ó fi àwòrán kọ́là kan ránṣẹ́, Màmá Télọ̀ sì gé gbogbo rẹ̀ ní róbótó. Ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni métíróònù fẹ́. Háà, ọjọ́ yẹn ò ṣeé sọ! Ẹnu métíróònù mú, Màmá Télọ̀ náà ò sì fi tirẹ̀ sílé. Ó ní ẹni tó bá fi àwòrán jákujàku ránṣẹ́ ni kó lọ bá àwòrán rẹ̀ jà. Kí wọ́n tó tú ká, métíróònù ti là á mọ́lẹ̀ pé àwòrán tuntun ń bọ̀ láìpẹ́, bí aṣọ ìyẹn náà bá sì tún bà jẹ́, òun á wá télọ̀ mìíràn.

Ẹ̀rù ba Màmá Télọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ń ba òun, fóònù ló ń bú ṣáá. Kí ló tún fẹ́ jẹ́, tí kì í bá ṣe fóònù? Òun tó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ bí ẹni ń mumi! Òun tó jẹ́ pé tó bá ti fi àtàǹpàkò ra ojú rírán, ó ti mọ ibi tó fẹ́ tú! Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò yẹ̀ rárá. Àwòrán orí fóònù nìkan ló ń rú u lójú. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta lẹ máa dá lẹ́bi?

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí gbàǹjo ìparí ọdún fi bẹ̀rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kun ilé fáwọn èèyàn, ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà wọlé. Ẹ̀dínwó la máa ń pè é. Àbísọ kọ́ o, ìwà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọkùnrin yìí lè ra bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n ṣáà ti sọ fún un pé owó rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde! Wọ́n ti ń ta nǹkan ní pọ́ọ́kú!" Tòun ti ọ̀dà lára ṣòkòtò ló fìdí lélẹ̀ sórí àpótí aṣọ, ó sì na fóònù tirẹ̀ sí i. "Ẹ wo tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ̀, ó tóbi, kò lè ṣú láéláé. Ìdajì owó sì ni!"

Màmá Télọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Pupa wà níbẹ̀, àwọ̀ ọsàn wà níbẹ̀. Wọ́n kọ iye kan, wọ́n fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n tún kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀. Aago kan wà lókè tó ń sáré padà sẹ́yìn. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Aago kí nìyí?"

"Tó bá ti dé òdo, gbàǹjo parí nìyẹn."

"Ṣé ìgbà yẹn ni wàá wá máa lọ sílé?"

"Ẹ yé ṣàwàdà, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wò ó níbí, wọ́n ní èèyàn mọ́kàndínlógún ló ń wo ọjà yìí lọ́wọ́lọ́wọ́."

Màmá Télọ̀ yíjú wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ojú fèrèsé. "Níbo ni wọ́n dúró sí?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbà á sílẹ̀, ìgbà tó tibi iṣẹ́ dé. Ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù lọ kó ẹrù bọ̀ lọmọ yìí ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tí wọ́n lè tà fún un tí kò ní yí tẹ̀yìn tọwọ́ wò. Ó ti mọ̀ pé gbàǹjo ń bọ̀. Ó pẹ́ tó ti ń ya àwòrán iye tí wọ́n ń ta àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn pa mọ́ sínú fóònù rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ wo eléyìí tẹ́ ẹ mú wá. Kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n ń tà á gan-an nìyí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fowó lé e. Wọ́n wá fa ìlà gba orí iye tuntun náà kọjá, wọ́n ní àwọ́n ti dín in."

"Irọ́ ni!"

"Ẹ wò ó."

Ẹ̀dínwó wò ó títí. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé. "Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣì í kọ ni," ló sọ.

"Wọ́n ṣì í kọ kẹ̀!" ni Màmá Télọ̀ wí. "Ó dà bí kí n gé lára aṣọ oníbàárà, kí n wá fi èyí tí mo gé ta á lọ́rẹ." Inú rẹ̀ dùn pé òun ti rí ọ̀kan dì mú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdùnnú náà ò tọ́jọ́, torí ọmọ rẹ̀ tún ṣí ojú ìwé mìíràn. Tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló tò síbẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ọ̀kan wá ń jẹ́ Láìtì mọ́ ọn, ọ̀kan Púlọ́ọ̀sì, ọ̀kan Púrò.

"Ṣé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n ni?"

"A lè sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Èwo wá làkọ́bí?"

Ọmọ náà ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣàlàyé bátìrì, ó ṣàlàyé iye ẹrù tí ikùn ẹ̀rọ lè gbà. Ó ní kí wọ́n máa ka ohun táwọn tó ti rà á sọ, kí wọ́n má sì ka ti àwọn tó ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo yin ọjà, torí ẹnu kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni Ẹ̀dínwó ń kígbe pé aago ń lọ. Màmá Télọ̀ jókòó sáàárín wọn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń mi orí sí ohun tí kò yé e. Owó maṣíìnì tó ń di etí aṣọ ló fẹ́ ná yìí, owó tó ti ń fi pa mọ́ tipẹ́. Tó bá lọ sí òfò, kò sí òmíràn.

"Ẹ jẹ́ ká rọra," ló sọ níkẹyìn. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n."

Ẹ̀dínwó wúkọ́.

Èyí tí kò wọ́n jù tí kò sì pọ̀ jù lọmọ náà mú. Ó mú un lọ́dọ̀ òǹtajà tó gbà láti gba ọjà padà, tí yóò sì dá owó olówó padà. "Ìyẹn ló jù, Màmá. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, a máa dá a padà gba owó wa."

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́tà ni tábúlẹ́ẹ̀tì dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n tó tàn án, Màmá Télọ̀ ti já téèpù kúrò lọ́rùn. Ó fọwọ́ ra téèpù náà dé ibi tí etí ẹ̀rọ parí sí. "Wọ́n ní ínṣì mọ́kànlá. Ibú rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀! Olè!"

"Láti igun dé igun ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, Màmá."

"Láti igun dé igun? Ta ló ń wọn nǹkan báyẹn? Ṣé èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èèyàn láti èjìká ọ̀tún dé orúnkún òsì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tàn án. Àwòrán métíróònù ti dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ náà sì fi ránṣẹ́ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Màmá Télọ̀ nu ọwọ́, ó gún jókòó, ó fa tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan nìyẹn. Nǹkan kan wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sún un sẹ́yìn, ó sún un mọ́ imú, ó fi etí aṣọ nù ún. Ọrùn aṣọ náà ṣì dà bí ohun tí wọ́n da omi lé lórí.

"Wọ́n ti lù wá ní jìbìtì," ló sọ.

"Kí ló dé, Màmá?"

"Ó ń ṣú!"

Ẹ̀dínwó fò dìde. "Ṣé mi ò wí? Ṣé mi ò ní ká ra tèmi?" Ó já a gbà, ó wò ó. Ẹnu rẹ̀ wá rọlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi... èmi ń ka bọ́tìnnì rẹ̀ o."

"Ó mọ́lẹ̀ kedere," lọmọ náà sọ. "Mo ń rí òwú tí wọ́n fi rán an."

Màmá Télọ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ṣé wọ́n jọ gbìmọ̀ ni? Àbí tábúlẹ́ẹ̀tì máa ń mọ́lẹ̀ fún ẹnì kan kó sì ṣú fún ẹlòmíràn? Ọ̀rọ̀ náà dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́, ìbínú sì gbà á. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti fi owó maṣíìnì mi ra ìrànkuràn, o wá ń purọ́ kí n má bàa bú ẹ!" Omi lé róró sójú ọmọ náà. Màmá Télọ̀ ò tíì parí. "Ojú mi lẹ fẹ́ sọ pé kò dáa, àbí?"

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ojú.

Ló bá fa abẹ́rẹ́ yọ lára ìrọ̀rí kékeré tó ń gún abẹ́rẹ́ mọ́, ó já òwú, ó fi ètè pọ́n ọn, ó sì ti bọ̀ ọ́ kí ẹ tó ṣẹ́jú. "Ẹ wò ó! Ṣé afọ́jú ló ṣe èyí?"

Ẹ̀dínwó pàtẹ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ò pàtẹ́wọ́. Ó ti ń wo ìyá rẹ̀ látìgbà tó ti mú òwú náà, ó sì rí i pé ìyá òun ò wo abẹ́rẹ́ rárá. Òun ló kọjú sí tó ń bú, àwọn ìka ló dá ṣe iṣẹ́ wọn.

"Màmá, òwú wo lẹ fi bọ̀ ọ́?"

"Funfun. Èwo ni mo tún fẹ́ fi bọ̀ ọ́?"

Ọwọ́ Ẹ̀dínwó dúró sójú afẹ́fẹ́. Màmá Télọ̀ gbọ́ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe dákẹ́. Ó dìde, ó gbé abẹ́rẹ́ náà lọ sójú fèrèsé, ó gbé e sókè sínú oòrùn.

"Funfun ni," ló tún sọ. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Àbí?"

"Yẹ́lò ni, Màmá."

Ó padà wá jókòó. "Kọ́là ìjọ́sí yẹn. Ṣé ṣóńṣó ló wà nínú àwòrán?"

"Ṣóńṣó ni. Ìgbà tí ìjà ti dé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí. Èmi náà rò pé fóònù ni, torí ó sán."

"Mo bú obìnrin yẹn. Gbogbo títì ló gbọ́." Ìtìjú mú un, ó fọwọ́ bojú. Ẹ̀dínwó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú tòun ti ọ̀dà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ojú wà. Wọ́n ń tún un ṣe."

"Ṣé wọ́n ń tà á ní gbàǹjo náà ni?"

Wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún sì bá ẹ̀rín náà jáde. Nígbà tó ti sunkún tẹ́rùn, ó ní kí ọmọ òun bá òun pe métíróònù. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi ohunkóhun bò. Métíróònù ní òun á dúró títí dókítà á fi sọ̀rọ̀, ohun tó bá kọjá ìyẹn, òun ò lè ṣèlérí.

Ọmọ náà ti ń dá tábúlẹ́ẹ̀tì padà sínú páálí rẹ̀, kí owó rẹ̀ lè di owó dókítà. Ó ń fi fóònù tirẹ̀ kọ̀wé sí òǹtajà.

"Màmá, wọ́n ń béèrè pé kí ló ṣe é tá a fi fẹ́ dá a padà."

"Sọ fún wọn pé kò sóhun tó ṣe é," ni Màmá Télọ̀ wí. "Sọ fún wọn pé ó dára gan-an. Ẹni tó rà á ni kò ríran."