Àtàǹpàkò Bàbá Wa

Bàbá mi kì í sí nínú fọ́tò. Òun ló máa ń yà wá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi gbé kámẹ́rà kékeré dúdú kan kọ́rùn. Bí wọ́n bá ti fọ fọ́tò tán, àwa ọmọ á wà níbẹ̀, ìyá wa á wà níbẹ̀, àtàǹpàkò bàbá mi náà á sì wà níbẹ̀ lápá ọ̀tún, á pupa rúsúrúsú, á tóbi bí ìrọ̀rí. Èmi ni àbígbẹ̀yìn, ìparí ìlà ni wọ́n sì máa ń fi mí sí, nítorí náà orí mi ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ojú nínú fọ́tò. Èmi ní àtàǹpàkò.

Ibì kan ṣoṣo tí ojú bàbá mi ti hàn ni ara káàdì iṣẹ́ rẹ̀, ojú tó sì fi wo kámẹ́rà níbẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé ta ló jalè ni.

Lẹ́yìn tó kú, ìyá mi a máa ṣí álíbọ́ọ̀mù fọ́tò wa ní àràárọ̀ kí ó tó mu tíì. Á wò ó, á rẹ́rìn-ín, á sì nu ojú. Mo rò pé àwa ló ń wò. Ni mo bá gbèrò láti ṣe ohun tí inú rẹ̀ yóò dùn sí. Mo yọ fọ́tò mọ́kànlá tí àtàǹpàkò ti pọ̀ jù, mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán tó wà ní ìparí òpópó wa. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, àní fún ẹni tí eyín ń dùn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ àtàǹpàkò yìí kúrò."

Ó ní, "Kékeré nìyẹn."

Mo rò pé kọ̀ǹpútà ni yóò fi ṣe é. Abẹ fẹ́lẹ́ ló fi ṣe é. Nígbà tí mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, fọ́tò mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti di tẹ́ẹ́rẹ́, etí wọn gún régé. Àtàǹpàkò ti lọ. Èmi náà ti lọ. Nínú ọ̀kan, ọwọ́ ìyá mi nà jáde, afẹ́fẹ́ ló dì mú.

"Èmi ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ìwọ wo?"

"Èmi tí mo wà lábẹ́ àtàǹpàkò!"

Ó wo fọ́tò, ó wò mí. "O ò sọ fún mi pé ẹnì kan wà lábẹ́ ẹ̀."

Mo gbà fún un. Mo sọ fún ara mi pé ìyá mi ń rí mi lójoojúmọ́, kò ní ṣàárò mi. Mo kó wọn délé, mo sì gbé wọn fún un tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí wọn padà, ó wo ẹ̀yìn wọn.

"Bàbá yín dà?"

"Màmá, bàbá ò sí nínú fọ́tò wọ̀nyí tẹ́lẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?" Ó gbé ọ̀kan sókè sí mi lójú. "Àtàǹpàkò ẹ̀ dà?"

Mo wo etí fọ́tò náà níbi tí abẹ ti gbà.

"O rò pé kò mọ fọ́tò yà ni? Ó mọ̀ ọ́n yà ju gbogbo yín lọ. Nígbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n ẹ àgbà, ó ya àwa méjèèjì, mo sọ fún un pé ó dáa, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ní òun á wà nínú èyí tó kàn. Àtìgbà yẹn ló ti ń fi ìka ẹ̀ síbẹ̀. Á kọ́kọ́ ṣẹ́jú sí mi ná, kí ó tó tẹ̀ ẹ́."

Mo jókòó. Láti kékeré ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tilẹ̀ fi pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú rẹ̀.

"Níbo ni ẹni tó gé wọn kó àwọn àgékù sí?" Ìyá mi ti dìde. Ó wọ bàtà tirẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, ó wọ tèmi ní ẹsẹ̀ kejì, a sì gba ọ̀nà.

Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí kò tíì dé. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó dà á sílẹ̀. Àgékù fọ́tò oṣù kan gbáko: etí, èjìká, ìdajì ajá, àtàǹpàkò lóríṣiríṣi.

"Màmá, ẹ má bínú," ló ní. "Àwọn oníka pọ̀ ládùúgbò yìí. Ẹ ṣáà mú mọ́kànlá níbẹ̀. Gbogbo àtàǹpàkò ló jọra."

"Lójú ìwọ." Ìyá mi ti kúnlẹ̀. "Èyí kọ́. Èyí ti gùn jù. Èyí ò tiẹ̀ ní ìtìjú. Ẹ̀n-ẹ́n, òun nìyí! Ẹ wò ó bó ṣe tẹ orí."

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó wá gba fọ́tò tirẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n gé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá wa wá a. Ìyá mi gbé ọkùnrin onírùngbọ̀n kan sókè. "Ta ló ni eléyìí?"

"Ẹ dá a padà síbẹ̀ o, Màmá," ni obìnrin náà dáhùn. Kò pẹ́ tí mo fi rí i tó tún mú un, tó ń wò ó. "Imú ẹ̀ ò tiẹ̀ burú," ló ń sọ fún ara rẹ̀.

A rí mẹ́wàá. A wá ìkọkànlá tì. Ìyá mi di àwọn mẹ́wàá náà mọ́ àyà. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti bẹ̀ ẹ́.

"Dúró bẹ́ẹ̀," ni ìyá mi wí. "Gbé ẹsẹ̀ ẹ ọ̀tún sókè."

Ó gbé e. Gọ́ọ̀mù ti lẹ àtàǹpàkò bàbá mi mọ́ abẹ́ bàtà rẹ̀.

"O tẹ ọkọ mi mọ́lẹ̀!"

"Màmá, mi ò mọ̀ pé àwọn ni!"

Ìyá mi fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nù ún jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá lẹ gbogbo rẹ̀ padà. Ayàwòrán ń yára lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé orí ìkọkànlá, èyí tí ọwọ́ ìyá mi ti nà jáde, ó lẹ̀ ẹ́ tán kí ó tó rí i pé òun ti dorí rẹ̀ kodò. Ẹsẹ̀ mi wà lókè, orí mi wà nílẹ̀. Àtàǹpàkò tó ti ń wá láti etí fọ́tò wá dúró ní àárín, ó fara ti ìyá mi.

"Yéè!" Ó na ọwọ́ láti ṣí i kúrò kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ.

Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wo fọ́tò náà pẹ́.

"Fi í sílẹ̀."

"Màmá," ni mo ní, "èmi ni mo dorí kodò níbẹ̀ yẹn o."

"Ìwọ ti dàgbà, mú un mọ́ra. Bàbá ẹ ò dúró tì mí nínú fọ́tò rí."